Ogún ọdún ìgbéyàwó, ọjọ́ mẹ́wàá, mọ́tò kan: ẹ bá wa to ìrìn àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Faransé

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹsàn-án 2025 yìí ni ìgbéyàwó èmi àti ìyàwó mi yóò pé ogún ọdún. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wí i pé a ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n Paris kọ́ ló ń wù wá. Ìlú kéékèèké là ń fẹ́, níbi tí èèyàn ti lè jókòó síwájú ilé búrẹ́dì kí ẹnikẹ́ni má tì í. Bolton là ń gbé, mọ́tò wa la ó gbé lọ, ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 22 la sì gbà níbi iṣẹ́.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: Calais, Rouen, Mont-Saint-Michel, Tours, Bordeaux, Carcassonne, Nice, Lyon, Dijon, Reims, kí a tún padà sí Calais. Ìyàwó mi kà á tán, ó ní, "Ṣé ìsinmi la ń lọ ni, àbí a fẹ́ lọ kó èrò?" Ẹ bá wa dá sí i.

Ìyàwó mi ti gba pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tèmi ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà. Èmi ni n ó wakọ̀ jù, mi ò sì tíì wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò n'Ìbàdàn.

Dẹ́rẹ́bà Peckham

Ẹ kú oríire ogún ọdún, sà. Ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín. Láti Calais dé Nice ju 1,200 kìlómítà lọ, àlọ nìkan nìyẹn o. Bí ẹ bá fi ìwé yẹn rìn, ojú títì lẹ ó wò, ẹ ò ní rí ìlú. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ìlú méjìlá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìgbà tí a délé tí a ń wo fọ́tò, ìyàwó mi ò mọ èwo ni Dijon, kò mọ èwo ni Troyes.

Báyìí, ibi ìsùn mẹ́rin péré ni mo máa ń mú. Oru méjì ó kéré tán níbi kọ̀ọ̀kan, kí wíwakọ̀ láti ibìkan sí ìkejì má sì ju wákàtí mẹ́ta lọ. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ odò Loire, ẹ gé e kúrò. Gúúsù ò ní sá lọ.

Ti ọwọ́ ọ̀tún kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Láti 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ara yín á rántí. Ibi tó ti ń ṣe èèyàn ni àárọ̀ kùtù, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé epo tàbí lójúlé òtẹ́ẹ̀lì, tí kò sí mọ́tò mìíràn lójú títì tí ẹ lè tẹ̀ lé. Ibẹ̀ lọwọ́ ti máa ń fà sí òsì. Ẹ kọ "Ọ̀TÚN" gàdàgbà sí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárì.

Ìyá Ìbejì Salford

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń ba Calais lọ? Ọkọ̀ ojú omi wà tó ń ti Portsmouth lọ sí Ouistreham, lẹ́bàá Caen. Ti alẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ san owó yàrá, ẹ sùn, ẹ ó jí sí Normandy láàárọ̀. Láti Caen dé Bayeux kò ju bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ.

Kí ẹ má baà dé ibẹ̀ kí ẹ máa bínú: ilé tí wọ́n fi aṣọ ńlá Bayeux sí, aṣọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 70 mítà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ìtàn bí William ṣe gba Ìlú Ọba ní 1066 sára rẹ̀, wọ́n ń tì í láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án yìí fún àtúnṣe, ó di 2027. Aṣọ náà gan-an ń bọ̀ wá sí British Museum ní 2026, ẹ ó lọ wò ó ní London. Ìlú náà ṣì dára láti wò láìsí i. Kàtídírà wà níbẹ̀, odò kékeré gba àárín ilé kọjá, etíkun tí àwọn sójà tó ń bá Hitler jà ti sọ̀ ní 1944 kò sì jìnnà.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lọ́nà yẹn: láti Caen lọ sí Rennes, títì A84 kò ní tóògéètì. Láti Rennes lọ sí Nantes, bákan náà. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò yín.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu nílẹ̀ Benin ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí lẹ́bàá Saumur, ó ti ń lọ sí ọdún kọkànlá. Ohun kan wà tí ẹ̀yin ará Ìlú Ọba kì í gbà gbọ́: àwọn ará ìlú kéékèèké níbí fìwà jọ wá. Kíkí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lára èèyàn. Bí ẹ bá wọ ilé búrẹ́dì, ilé oògùn, tàbí ṣọ́ọ̀bù tó wù kó kéré, "Bonjour madame" ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó nawọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tó wọlé tó kàn ní òun fẹ́ búrẹ́dì méjì, lójú wọn ó dà bí ọmọ tó jí láàárọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀. Ojú wọn á le, ẹ̀yin á sì rò pé tìtorí àwọ̀ yín ni. Nígbà mìíràn, àwọ̀ náà ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò kí wọn ni.

Wọ́n tún ní "ẹ" bíi tiwa. "Vous" ni "ẹ", "tu" ni "o". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ Faransé máa ń fi èyí làágùn; ọmọ Yorùbá ò nílò tísà. Ẹni tí ẹ ò lè pè ní "o" ní Ṣakí, ẹ má pè é ní "tu" ní Saumur.

Bí ẹ bá sún mọ́ apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ wá ilé oúnjẹ inú ihò àpáta. Òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní "tuffeau" ni wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ níbí láyé àtijọ́ láti fi kọ́ ààfin. Inú ihò tó ṣẹ́kù ni àwọn kan ti ń gbin olú, àwọn kan sì sọ tiwọn di ilé oúnjẹ. Wọ́n ń yan búrẹ́dì róbótó kékeré kan nínú ààrò onígi, "fouée" lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á là á, wọ́n á rọ ẹ̀wà funfun sínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà! Ata nìkan ló kù kó di tàwọn Àgànyìn.

Ìdí Ìkòkò

Ẹ gbé ata gbígbẹ dání o. Oúnjẹ wọn dùn, ṣùgbọ́n ata ò sí nínú ẹ̀. Ata gbígbẹ ò lófin, àmọ́ ẹ má gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe láti Ìlú Ọba wọ ọ̀hún, ìbáà ṣe mítípáì tàbí ẹran inú ọbẹ̀. Wọn ò gbà á láti ìgbà Brexit. Àbọ̀ náà ti yí padà: láti oṣù kẹrin 2025, Ìlú Ọba ò gba kí èèyàn gbé wàràkàsì tàbí ẹran wọlé láti ọ̀hún. Ẹ jẹ wàràkàsì yín tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Fún àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: "rillettes" tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn ní apá Tours, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi búrẹ́dì kàn án.

Alákọsílẹ̀

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà, ọkùnrin yìí ò tíì ní físà.

Bọ̀dá, ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba ò lè rọ́pò rẹ̀. Pé ìyàwó yín jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba kò sì dín nǹkan kan kù mọ́. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 90 yúrò ni, láìka owó ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé. Wọn á béèrè ìwé báńkì, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó kó 30,000 yúrò ó kéré tán, àti ibi tí ẹ ó sùn ní oru kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, irú yàrá tí wọ́n á dá owó rẹ̀ padà bí ẹ bá fagi lé e ni kí ẹ gbà. Bí ìwé ìrìn yín bá kún fún ìlú mẹ́wàá, ẹ̀yin náà lẹ máa wá ìwé ibùsùn fún gbogbo rẹ̀. Ìdí mìíràn láti dín in kù nìyẹn.

Inú mọ́tò: láísẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì oníkáàdì ti tó. Ẹ mú ìwé mọ́tò, V5C, dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀, pẹ̀lú ìwé adójútòfò. Sítíkà ẹ̀yìn mọ́tò ti di UK láti oṣù kẹsàn-án 2021, GB ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ ní àmì onígun mẹ́ta fún ìgbà tí mọ́tò bá kọṣẹ́, àti jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú mọ́tò níbi tí ọwọ́ ti tó o ni kí jákẹ́ẹ̀tì wà o, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tù. Ẹ lẹ sítíkà mọ́ iná iwájú, torí iná mọ́tò Ìlú Ọba máa ń tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀hún.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ju ìwé àkọ́kọ́ nù. Tóògéètì ló ń rú mi lójú báyìí. Apá ọ̀tún ni sítíárì wa wà, báwo ni mo ṣe máa sanwó?

Àǹtí Kọ̀ńdọ́

Ìyàwó yín ni kọ̀ńdọ́! Apá òsì ni ẹ̀rọ máa ń wà, apá òsì náà ni ìyàwó yín jókòó sí. Á na ọwọ́ jáde, á gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, á fi káàdì sanwó níbi tí ẹ bá ti fẹ́ jáde. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọkọ mi ò tíì fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀nà tí "t" aláwọ̀ ọsàn nìkan wà lókè rẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀rọ nínú mọ́tò ló ni ín. Ibi tí ẹ bá ti rí àwòrán káàdì tàbí ọfà aláwọ̀ ewé ni kí ẹ gbà.

Kọ̀ńdọ́ náà ló ń wo iwájú bí ẹ bá fẹ́ kọjá lára tírélà, torí ẹ̀yin tí ẹ wà lápá ọ̀tún ò ní rí nǹkan kan. Bó bá ní "má lọ", ẹ má lọ.

Wàhálà Ò Sí

Ẹ fi ti A13 kún un, títì tó ti Caen gba ẹ̀gbẹ́ Rouen lọ sí Paris. Wọ́n ti hú gbogbo tóògéètì ibẹ̀ kúrò, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ ò ní rí ibi dúró sí. Wákàtí 72 lẹ ní láti lọ sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ò mọ̀, mo ń yọ̀ pé títì ọ̀fẹ́ ni mo rí. Mọ́tò háyà ni mo gbé. Lẹ́tà owó ìtanràn dé, lẹ́tà àwọn oníháyà tún tẹ̀ lé e pé àwọn gba owó tàwọn nítorí pé àwọn fún wọn lórúkọ mi.

Dẹ́rẹ́bà Peckham

Ìdí tí mo ṣe ń sọ pé kí èèyàn gbé mọ́tò tiẹ̀ nìyẹn.

Wàhálà Ò Sí

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò háyà tí sítíárì ẹ̀ wà lápá òsì dá ara lójú ju tiyín lọ. Ojú mi ni kò là.

Dẹ́rẹ́bà Peckham

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ títì. Títì ńlá, 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí òjò bá ń rọ̀, 110. Títì oko tí kò ní ìdènà láàárín tó pín in níyà, 80 ni, àfi ibi tí wọ́n bá kọ 90 sí. Nínú ìlú, 50. Ohun tó ń mú àlejò ni pé wọn kì í kọ 50 yẹn sílẹ̀. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, funfun tó ní etí pupa, òun gan-an ni 50. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ búréèkì. Tí ẹ bá rí orúkọ kan náà tí wọ́n fà ìlà pupa sí lórí, ẹ ti jáde.

Èyí tó léwu jù: láàárín ìlú kéékèèké, bí oríta kò bá ní àmì kankan, ẹni tó ti ọ̀tún yín jáde ló lọ̀nà, kódà bó bá jẹ́ pé kọ̀rọ̀ kékeré ló ti ń bọ̀, tí ẹ̀yin wà lójú títì gidi. Bàbá àgbàlagbà kan nínú Renault á yọ síwájú yín láìwo ẹ̀gbẹ́, ó sì jàre. Bí ẹ bá rí àmì dáyámọ́ńdì yẹ́lò, ẹ̀yin lẹ lọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n bá ti fà ìlà sí i.

Epo: "gazole" ni dísù. Ẹni tó bá fi etí Amẹ́ríkà gbọ́ ọ á rò pé bẹntiróòlù ni, á sì ba ẹ́ńjìnì ara ẹ̀ jẹ́. "Essence" tàbí "SP95" ni bẹntiróòlù. Ilé epo súpámákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á, ti ojú títì ńlá wọ́n jù. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè kọ́kọ́ di ọgọ́rùn-ún yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mú nínú káàdì kí ó tó tú u sílẹ̀, nítorí náà kí owó wà ńlẹ̀.

Àgbà Hull

Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ ebi. Agogo méjìlá sí méjì ni ilé ìdáná wọn ń ṣí lọ́sàn-án. Èmi àti màmá àwọn ọmọ dé ìlú kan ní agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa bú ara wa. Ilé oúnjẹ kún fún èèyàn tó ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní ìdáná ti tì. Bísíkíìtì la jẹ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ fún 60 kìlómítà. Alẹ́ ńkọ́? Agogo méje àbọ̀ ni wọ́n tó ṣí, ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní márùn-ún àbọ̀ bíi ti ará Yorkshire.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sán àti ọjọ́ Ajé, ìlú á dákẹ́ bíi pé wọ́n gbé orò jáde. Ẹ ra nǹkan jíjẹ sílẹ̀ ní Sátidé. Ọ̀sán ni kí ẹ jẹun ńlá, torí ibẹ̀ ni "formule" wà: iye kan ṣoṣo fún oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti yàn. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n bù sínú ìgò, "carafe d'eau", ọ̀fẹ́ ni, búrẹ́dì náà bẹ́ẹ̀.

Wàhálà Ò Sí

Ẹ̀gbọ́n ti mẹ́nu kan nǹkan rírà, èmi ó sọ ti ọjà. Ẹ wo pátákó kí ẹ tó páàkì sí gbàgede ìlú lálẹ́. Bí wọ́n bá kọ "marché" àti orúkọ ọjọ́ kan, ọjà ni ní ọjọ́ náà. Èmi sùn fọnfọn, mo jí, mo rí ẹni tó ń ta tòmátì níbi tí mo páàkì sí. Wọ́n ti wọ́ mọ́tò lọ. (Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.) Níbi tí ìlà ilẹ̀ bá jẹ́ búlúù, ẹ nílò páálí róbótó tí ẹ ó fi yí aago tí ẹ dé sí, kí ẹ gbé e síwájú gíláàsì. Ilé tábà ni wọ́n ti ń tà á, kò wọ́n.

Tísà Ìtàn

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Rennes, ẹ má fo Nantes. Òun ló kó ẹrú jù nínú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé. Lẹ́bàá odò Loire, ní Quai de la Fosse, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní 2012: 2,000 gíláàsì kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tó gbéra wà lára èyí tó pọ̀ jù, orúkọ èbúté tí wọ́n ti ń kó èèyàn àti èyí tí wọ́n ti ń tà wọ́n wà lára ìyókù. Ẹ ó tún sọ̀ sábẹ́ ilẹ̀, omi á máa ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìyá Ìbejì Salford

Ẹ jọ̀ọ́, tísà, ayẹyẹ ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe. Ibi ẹrú lẹ fẹ́ gbé wọn lọ?

Ọmọ Kétu

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yẹn, Ouidah, èbúté wa ní Benin, ni wọ́n ti wá kó èèyàn. Ní tèmi, mi ò lè jẹun nílùú yẹn láìkọ́kọ́ lọ dúró níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ogójì tó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ jẹ ẹja wọn.

Tísà Ìtàn

Ẹ ṣeun. Lábọ̀, ẹ gba Chartres. Kàtídírà ibẹ̀, tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná 1194, gíláàsì búlúù rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìrántí Jean Moulin náà. Òun ni aṣojú ìjọba níbẹ̀ ní oṣù kẹfà 1940 nígbà tí àwọn sójà Jámánì wọlé. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i pé àwọn sójà aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ló pa àwọn ará ìlú. Irọ́ ni. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, kò fọwọ́ sí i. Ó mú àfọ́kù gíláàsì, ó fi gé ọrùn ara rẹ̀ kí ó má baà jọ̀wọ́ ara lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bá a láàyè. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ó di olórí àwọn tó ń bá Hitler jà lábẹ́lẹ̀.

Ẹ ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ dáadáa: Sátidé àti Àìkú kẹta oṣù kẹsàn-án ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà máa ń ṣí ilé àtijọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ọdún yìí bọ́ sí ọjọ́ 20 àti 21.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

*Oṣù kẹwàá*

A ti dé láyọ̀. Físà jáde. Ibi mẹ́rin la sùn: Bayeux oru méjì, Nantes méjì, Chinon mẹ́ta, Chartres méjì, yàtọ̀ sí oru àkọ́kọ́ tí a sùn sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá tún un ṣe, oru kan ni n ó yọ kúrò ní Nantes, n ó fi kún ti Chinon.

Sátidé la dé Bayeux, ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ kejì, Àìkú, ni mo wá mọ ohun tí Àgbà Hull ń sọ. Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹran adìẹ yíyan tí ìyàwó mi rà sílẹ̀.

Ní Nantes, a lọ síbi ìrántí yẹn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. A wà níbẹ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí orúkọ àwọn ọkọ̀ náà, mi ò mọ bóyá kí n bínú. Ìyàwó mi ló ń ka ọdún rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Chinon ni ọkàn mi kù sí. Ilé olódi wà lórí òkè, ìlú wà nísàlẹ̀, odò Vienne wà níwájú. Ibẹ̀ ni Joan of Arc, ọmọbìnrin tó kó ogun Faransé ja àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti lọ bá ọmọ ọba ní 1429. Ilé ẹnì kan tó ń gba àlejò la dé sí, "chambre d'hôtes", ìyá àgbà tó ni ín sì ń fi jáàmù tó sè fúnra rẹ̀ bọ́ wa láàárọ̀. Ìlànà Ọmọ Kétu la tẹ̀ lé. Mo tẹríba díẹ̀ nígbà tí mo ń sọ "Bonjour madame", mi ò mọ̀ pé mo ṣe é, ara ló gbé e. Láti ọjọ́ náà, jáàmù mi ń pọ̀ ju ti ìyàwó mi lọ. Ibi tí wọ́n ti wò wá bíi pé a já bọ́ láti ọ̀run náà wà, ilé kọfí kan ní abúlé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. A mu kọfí wa, a san owó wa, a lọ.

Láti ibẹ̀ la ti ń jáde lójoojúmọ́, kò síbi tó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Fontevraud, ilé ìsìn àtijọ́, níbi tí wọ́n gbẹ́ ère Henry Kejì ọba Ìlú Ọba àti Eleanor ìyàwó rẹ̀ sórí ibojì, wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyàwó ń ka ìwé. (Ẹni tó mọ̀ pé ọba yẹn ti ìyàwó náà mọ́lé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á rẹ́rìn-ín.) Ààfin Chenonceau tí wọ́n kọ́ sórí odò Cher bí afárá. Èèyàn pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù tàbí kí ẹ fò ó. Ní ọgbà ààfin Villandry, kábéèjì àti ata ni wọ́n gbìn bí òdòdó, ìlà ìlà, àwọ̀ àwọ̀. Ìyàwó mi dúró síbẹ̀, ó ní gbogbo ewé yìí, ẹnì kan ò fi se ọbẹ̀?

Ní Chartres, a rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Raymond Isidore, agbálẹ̀ ìtẹ́ òkú ni. Ó ń ṣa àfọ́kù àwo kiri, ó fi bo gbogbo ilé rẹ̀, ògiri, ilẹ̀, àga, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, títí ó fi kú ní 1964. Maison Picassiette ni wọ́n ń pe ilé náà. Àpáàdì! Mo dúró lágbàlá ẹ̀, ojú mi lọ tààrà sí ilẹ̀ àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n mú wa lọ wò nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Nínú kàtídírà, àga bo àmì ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí àwọn èèyàn ń rìn lórí ilẹ̀. Jímọ́ ni wọ́n ń kó àga kúrò, Sátidé la sì dé. Ẹni tó bá ń lọ, kó ṣírò ọjọ́.

Ọ̀nà Rouen la gbà lọ sí Dieppe, ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ ń lọ sí Newhaven, bíi wákàtí mẹ́rin. A gba A13 fún ìgbà díẹ̀. Mo sanwó rẹ̀ lórí fóònù kí a tó wọ ọkọ̀. Wàhálà Ò Sí, mo gbàdúrà fún yín.

Alákọsílẹ̀

Fún ẹni tó bá ń ka èyí lẹ́yìn wọn: láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ EU tàbí Schengen lẹ́nu ibodè dípò òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ tètè dé èbúté.

Àbẹ̀kẹ́ gan-an

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin ará. Èmi ni ìyàwó. Mo ka gbogbo ohun tó kọ, ó dára, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan.

Ọjọ́ kẹrin, láàárọ̀, ní Nantes. Ó ra búrẹ́dì, ó wọ mọ́tò, ó yí jáde ní páàkì, ọwọ́ òsì ló lọ tààrà. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ńlá ń bọ̀ níwájú. Mo kígbe "Ọ̀TÚN!" débi pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìdọ̀tí náà ló kọ́kọ́ dúró. Bébà tí Dẹ́rẹ́bà Peckham ní kó lẹ̀ mọ́ sítíárì? Ó ti bọ́ láti Bayeux, ó sì ti fi nu gíláàsì.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti wọ mọ́tò, kò gbọdọ̀ ṣíná kí n tó bi í léèrè, "Ọwọ́ wo?" Kó dá mi lóhùn kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Àǹtí Kọ̀ńdọ́, èmi náà ò gbowó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn.

Ọdún tó ń bọ̀, Sarlat. Mo ti wo ọjọ́ ọjà wọn, Ọjọ́rú àti Sátidé. Ẹni tó bá mọ ibi tí a lè páàkì sí, kó sọ fún mi, kó má sọ fún un.